Dígí Tó Wà Lórí Dùùrù

Ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí àwọn akọrin wa nígbà tí mo bá ń darí wọn. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ń tẹ dùùrù, tó tún jẹ́ pé òun náà ni ọ̀gá akọrin, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń tẹ ẹwìrì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú dùùrù, ojú rẹ̀ sì kọ ògiri. Orí nìkan ló kù tó lè fi pàṣẹ. Nítorí náà, mo gbé dígí kan kọ́ sókè dùùrù, dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí awakọ̀ mùsùlùmí kan ládùúgbò wa yọ fún mi nígbà tó ń ta ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́. Inú dígí yẹn ni mo ti ń rí wọn. Bí mo bá gbé orí sókè, wọn á mí sínú. Bí mo bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ orin. Bí mo bá yí i díẹ̀ sí òsì, àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ mọ̀ pé àwọn ni mò ń bá wí.

Dígí náà ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Kò lè gba gbogbo wa, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo yan àwọn tí yóò máa hàn nínú rẹ̀. Ìyàwó mi, tó ń kọ ohùn kejì, wà láàárín gan-an. Ọ̀rẹ́ mi, olórí ohùn ìsàlẹ̀, wà létí òsì. Àwọn tó kù, etí ni mo fi ń mọ̀ wọ́n, etí mi kì í sì í tàn mí jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò nígbà náà.

Ìlá-Ọ̀ràngún ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí àwọn sójà ti padà gba ìjọba, tí gbogbo wa ń kọ́ bí a ṣe ń tò lórí ìlà bí ọmọ ilé ìwé. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè irú ẹni tí mo jẹ́ lọ́wọ́ ará ìlú, "Onídùùrù" ni wọn yóò pè mí. Sátidé tí ìmọ́tótó bá wà, a ó gbálẹ̀ tán, a ó wẹ̀, a ó sì kóra jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdánrawò. Ẹni tó bá pẹ́, ìta ni yóò ti máa gbọ́ orin. Mo ti lé obìnrin kan síta rí nítorí pé ó ń jẹ obì nígbà tí a ń kọ orin ìyàsímímọ́. Onínúfùfù ni mí, mi ò ní fi bò fún ẹnikẹ́ni. Àwọn akọrin mi bẹ̀rù mi, mo sì rò pé ìfẹ́ ni.

Dùùrù náà ti dàgbà jù mí lọ. Àwọn òyìnbó ìjọ ló fi í sílẹ̀, àwọn èkúté ìlú wa sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ìjọ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Kánfọ̀ ni mò ń kó sí i nínú kí wọ́n má baà jẹ aṣọ tó wà lábẹ́ eyín rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹwìrì rẹ̀ á sán, mà á lọ wá awọ ewúrẹ́ tó rọ̀, mà á fá a fúnra mi, mà á fi gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà lẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ bí a ṣe ń ṣe é. Bí mo bá rìnrìn àjò ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ẹnu lásán ni ìjọ yóò fi kọrin.

Ọ̀rẹ́ mi yìí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni a ti pàdé, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kángun sí tèmi. Ó mọ̀ mí kí n tó mọ ìyàwó mi. Òun ló tilẹ̀ bá mi gbé lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ fún un. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fi ohùn rẹ̀ lélẹ̀ nísàlẹ̀, orin náà á fìdí jókòó, àwọn yòókù á wá gun orí rẹ̀. Ogún ọdún ni a fi jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu.

Ìka méjì ló dá wàhálà sílẹ̀: ọmọ-ìka-kékeré ọwọ́ òsì mi àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ó kọ́kọ́ ń kú tipiri láàárọ̀, oòrùn á sì yọ, á lọ. Nígbà tó yá, oòrùn yọ, kò lọ mọ́. Mo lè rán an níṣẹ́, kó má jẹ́. Dókítà ní iṣan ni, ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n máa fi ara balẹ̀. Onídùùrù tí ìka ẹ̀ méjì kọ iṣẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ fara balẹ̀?

Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde nínú ilé yìí."

Ó ní, "Tíṣà mi, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Láràárọ̀ ni ó ń yọ́ òrí, tí ó ń fi ra ọwọ́ náà, tí ó ń fa àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣe é pẹ̀lú sùúrù, mo sì máa ń sọ nínú ọkàn mi pé Ọlọ́run fún mi ní aya.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gbọ́n. Orin tí mo ti ń fi ìka márùn-ún tẹ̀, mo tún un tò kí ìka mẹ́ta lè tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìró tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, mo yọ wọ́n kúrò. Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń bí mi nínú ni pé àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko. Mo bá wọn wí títí. Ní Sátidé kan mo kígbe mọ́ ọ̀rẹ́ mi níwájú gbogbo wọn: "Ṣé màlúù ni yín ni? Ta ló ní kí ẹ pariwo?" Ó kàn rẹ́rìn-ín nínú dígí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Òun náà ti fura, mo mọ̀. Ọjọ́ kan tí a jọ ń jẹun nílé mi, ife omi bọ́ lọ́wọ́ òsì mi, ó fọ́ yángá. Ó wo ife náà, ó wo ọwọ́ náà, ó ní kí wọ́n mú ìgbálẹ̀ wá. Kò béèrè nǹkan kan.

Ọdún náà, àjọ̀dún ńlá ìjọ wa ń bọ̀, wọ́n sì ní kí n kọ orin àkànṣe. Oṣù márùn-ún ni mo fi kọ ọ́ pẹ̀lú dò-rè-mí lórí ìwé ìdánrawò àwọn ọmọ kíláàsì mi. Láàárín orin náà, mo ṣe ibì kan tí gbogbo akọrin yóò ti dákẹ́. Ọwọ́ òsì nìkan ni yóò máa sọ̀ kalẹ̀ lórí dùùrù, díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi kan ìsàlẹ̀, kí ọ̀rẹ́ mi tó gbà á níbẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún kì í ṣe ìwòsàn mọ́. Kí n ṣáà lè tẹ ibẹ̀ já lọ́jọ́ náà, níwájú gbogbo ènìyàn, lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà, èmi fúnra mi yóò kó kọ́kọ́rọ́ dùùrù fún ìjọ. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo dìde kúrò lórí àga yẹn, kó má jẹ́ pé wọ́n gbé mi dìde.

Ó ku oṣù méjì sí àjọ̀dún, alùfáà wa pè mí sí yàrá tí a ti ń wọ aṣọ ìsìn. Mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ ìjọ ti jókòó síbẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni alùfáà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyìn. Ìyìn tó bá ti gùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí.

Ó ní, "Tíṣà, a ti gbọ́ nípa ọwọ́ yín."

Mo ní, "Ọwọ́ wo?"

Ó ní, "Ọwọ́ òsì."

Wọ́n ti ṣètò tán. Agùnbánirọ̀ kan, ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá sí ilé ìwé gíráámà, mọ dùùrù tẹ̀. Òun ni yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àjọ̀dún. Èmi yóò máa kọ́ àwọn akọrin títí di ọjọ́ náà, n óò sì dúró níwájú, n óò máa ju ọwọ́. Mo bi wọ́n pé ta ló sọ fún wọn. Alùfáà wo Bíbélì tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Àwọn tó fẹ́ràn yín ni, Tíṣà."

Mi ò lọ sílé. Ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo gbà lọ tààrà. Yàtọ̀ sí dókítà, ẹni méjì péré ló mọ̀ láyé yìí. Ọ̀kan nínú wọn ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ọwọ́ náà lóròòwúrọ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé òun ni. Ọ̀rẹ́ mi jókòó níta, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga wá fún mi, mi ò jókòó. Mo sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi. Mo pè é ní Júdásì níwájú ìyàwó rẹ̀, níwájú àwọn ará ilé rẹ̀ tó ti ń jáde wá.

Ó fi bírò sílẹ̀. Ó ní, "Èmi kọ́, ọ̀rẹ́."

Mo ní, "Ta wá ni?"

Ó wò mí títí. Ìyàwó rẹ̀ ti gbójú sílẹ̀. Ó tún ní, "Èmi kọ́."

Àwọn àgbà ní ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sídìí dùùrù, gbogbo wọn ti tò sẹ́yìn mi. Mi ò dìde, mi ò sì yíjú. Inú dígí ni mo ti bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní ẹnì kan wà láàárín wa tó ta mí. Mo ní bí kò bá jáde, èmi ni n óò jáde, kí wọ́n wá mọ ẹni tí yóò kọ́ wọn ní orin àjọ̀dún.

Mo rí ọ̀rẹ́ mi nínú dígí, létí òsì, ó ń yí orí, ó ń wo ìlà kan lẹ́yìn èkejì bí ẹni tó ń wá nǹkan. Mo rí ìyàwó mi láàárín, ojú rẹ̀ wà nínú ìwé orin rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi pa ìwé tirẹ̀ dé, ó fi í sórí bẹ́ńṣì, ó sì kúrò nínú dígí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbé orí mi sókè, wọ́n mí sínú. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Orin náà ò fìdí jókòó.

Kí sáà ilé ìwé tó parí, ọ̀rẹ́ mi ti béèrè kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé ìwé kan ní Ọ̀rà, wọ́n sì gbé e lọ.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, agùnbánirọ̀ náà tẹ orin mi. Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìka rẹ̀ mẹ́wàá ló pé. Nígbà tí ó dé ibi ọwọ́ òsì yẹn, ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀. Èmi dúró níwájú, mò ń ju ọwọ́ kan sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n óò kọjú sí wọn nínú ìsìn, mo sì rí i pé àwọn obìnrin inú wọn ń sá fún ojú mi. Mo ní àánú mi ló ń ṣe wọ́n, ìyẹn gan-an sì tún mú inú bí mi.

Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà kí n tó gbọ́. Mò ń lọ sí ilé ìwé ní òwúrọ̀, mo pàdé ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa, igi ìdáná wà lórí rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i bó ṣe yẹ.

Ó ní, "Tíṣà, ọwọ́ ọ̀hún ńkọ́? A ò tíì sinmi lórí ẹ̀ o. Jímọ̀ tó kọjá náà, a tún kà á."

Mo ní, "Ẹ ka kí ni, Màmá?"

Àwọn obìnrin ìjọ wa ní ẹgbẹ́ àdúrà tó ń pàdé láàárọ̀ Jímọ̀. Ẹni tó bá ní ẹrù lọ́kàn, yóò dìde, yóò sọ ọ́ kedere, nítorí wọ́n gbà pé àdúrà tí a ò dárúkọ ohun tí a ń tọrọ, ọ̀nà ló ń sọnù sí. Akọ̀wé wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé, wọn yóò sì máa kà á sókè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí Ọlọ́run yóò fi dáhùn. Èmi náà mọ̀ nípa ìwé yẹn. Kò ṣẹlẹ̀ rí pé kí n béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá náà ní, "Ọwọ́ yín tí ìyàwó yín gbé síwájú wa ni. Ẹkún ló fi gbé e wá, ó ṣe gbogbo wa láàánú."

Mo ní, "Ìgbà wo nìyẹn, Màmá?"

Ó ronú díẹ̀. "Háà, iṣu tuntun èṣí ò tíì jáde nígbà yẹn."

Mi ò dé ilé ìwé lọ́jọ́ náà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo padà sílé, mo bá ìyàwó mi níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní, "Ta lo sọ fún?"

Kò béèrè pé kí ni mò ń wí. Ó gbé àtẹ náà sílẹ̀. "Àdúrà ni mo gbé e lọ fún, Tíṣà mi. Mi ò gbé e lọ ṣe òfófó."

"Mo ní kó má jáde nínú ilé yìí."

"Ọlọ́run ni mo sọ fún."

"Obìnrin mélòó ni Ọlọ́run náà?"

Ó ń ṣa èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀. Mo tún bi í. Ó ní, "Mẹ́rìnlá."

"Mélòó ló wà nínú akọrin wa níbẹ̀?"

"Mẹ́sàn-án. Yàtọ̀ sí èmi."

Mo ní, "Ọjọ́ tí mo lé ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni mò ń wò nínú dígí."

Ó bú sẹ́kún. "Ẹ̀rù yín ló bà mí. Mo ní lọ́la ni n óò sọ, lọ́la ni n óò sọ. Ìgbà tó wá lọ sí Ọ̀rà, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ mọ́."

Mo fẹ́ kí ó yé yín dáadáa. Pé ó sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ àdúrà, ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo lè gbé ìyẹn mì. Èyí tí mi ò lè gbé mì ni oṣù mẹ́fà tí ó fi ń gbé oúnjẹ síwájú mi, tí mò ń bú ọ̀rẹ́ mi lórí oúnjẹ náà, tí ó ń sọ pé, "Ẹ jẹun, ẹ má bínú mọ́." Ó ń ra ọwọ́ mi, ó sì ń gbọ́. Wọ́n tà mí nínú ilé mi, wọ́n tún jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ta ẹni tí kò tà mí.

Sátidé yẹn mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀rà. Mo bá a nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí kò ní dùùrù. Ó dúró níwájú bí ènìyàn mẹ́jọ, ó ń fi ìka kan kọ́ wọn ní dò-rè-mí. Ó rí mi, ó fi orí kí mi, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí tó fi parí. Lẹ́yìn náà a jókòó lórí bẹ́ńṣì níta. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹgbẹ́ mi ni o, mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Dìde, jàre. Ó ti pẹ́ tí mo mọ̀. Ìyàwó mi náà wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà yẹn."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Kí n tú ilé ẹ ká nítorí pé mo fẹ́ kọrin?"

Mo bi í nípa ariwo tí àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń pa. Ó rẹ́rìn-ín bí ó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ìró tí mo yọ kúrò lórí dùùrù, àwọn ló ń fi ẹnu dí i, kí ìjọ má baà gbọ́ pé ihò wà níbẹ̀. Òun ló kọ́ wọn. Mo sì pè wọ́n ní màlúù.

Mo ní kó padà wá. Mo ní n óò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe níwájú gbogbo ìjọ, n óò dárúkọ ara mi. Ó mi orí.

"Mo ti dárí jì ọ́, ọ̀rẹ́. Mi ò ní í padà wá. Ọjọ́ yẹn, mo wo ojú àwọn obìnrin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó mọ̀. Gbogbo wọn ló gbójú sílẹ̀. Ẹni tó bá rí ojú wọn lọ́jọ́ yẹn, kò sí bí kò ṣe ní mọ̀ pé èmi kọ́." Ó gbọn eruku kúrò lórí ìwé rẹ̀. "O ò yíjú padà ni. Ogún ọdún, o ò lè yíjú padà wò mí kí o tó lé mi. Inú dígí lo ti lé mi."

Ìyàwó rẹ̀ di iṣu mẹ́ta fún mi. Ọ̀rẹ́ mi bá mi gbé e, ó sìn mí dé ibi tí ọkọ̀ wà, ó dúró títí ọkọ̀ fi kún, bí a ti ń ṣe fún àlejò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, ìyàwó mi yọ́ òrí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó jókòó tì mí. Mo na ọwọ́ òsì náà sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ó ń wò mí. Ògiri ni mo kọjú sí títí tó fi ṣe tán.